Máríńnà Vincent ní Etí Odò Wa

Ẹ bá mi kí Vincent Adéjọbí, ọmọ bíbí Ìjù-Odò, Arìn-ní-títì-bí-ẹni-tó-là-á, Akọ́lé-sórí-omi. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, kóòtù dúdú ló máa ń wọ̀. Bí òógùn bá ń ṣàn lára rẹ̀, á ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní òkè òkun. Òkè òkun tí kò dé rí. Àpápá ló dé.

Ọdún tí ogun parí ló gbé pátákó gbọ̀ọ̀rọ̀ kan wálé láti Èkó. Àwòrán ló wà lára rẹ̀: ilé alájà gíga létí odò wa, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ilé gbígbé lókè, òtẹ́ẹ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ibi tí ọkọ̀ ojú omi yóò máa gúnlẹ̀ sí. Ó ní Máríńnà ni. Mo bi í pé kí ló ń jẹ́ Máríńnà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ga ju orí mi lọ.

Bóyá. Etí odò ni èmi mọ̀ ọ́n sí.

Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin wa ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, ìyẹn pákí. Bí a kò bá rẹ ẹ̀gẹ́, kò sí pupuru. Bí kò bá sí pupuru, kí la fẹ́ jẹ? Vincent ní ká máa jẹ búrẹ́dì. Ó ní búrẹ́dì ni àwọn tó lajú ń jẹ.

Alágbàṣe ńlá kan, Ọ̀gbẹ́ni Lucas, ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Sátidé láti wo ilẹ̀ náà. Baálẹ̀ ti sọ̀rọ̀: bí àlejò bá fẹ́ ilẹ̀, kó gbà á, bí kò bá fẹ́, ti àwọn obìnrin ni títí láé. Vincent ti mú àjà òkè pátápátá fún ara rẹ̀.

Òórùn nìkan ló kù tó ń dà á láàmú. Ẹ̀gẹ́ tó ti ń rà nínú omi kì í ṣe lọ́fínńdà.

Nígbà tó ku ọ̀la, Vincent dúró létí odò, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀gẹ́ jáde. Ó ní omi ló ń mú un rùn. Kí wọ́n kó o jọ sẹ́yìn àtíbàbà àlejò, kí oòrùn pa òórùn rẹ̀.

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Mildred tó jẹ́ olórí wọn ní, “Bọ̀ọ̀dá Vincent, omi ló ń bò ó láṣìírí. Bí oòrùn bá rí i, gbogbo ìlú ló máa gbọ́.”

“Ìwọ lo lọ sí Èkó ni, àbí èmi?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

Wọ́n kó o. Wọn ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Láyé mi, n kò rí obìnrin tó gbọ́ràn sí ọkùnrin lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀gbẹ́ni Lucas dé nígbà tí oòrùn kan àtàrí. Vincent bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ mọ́ ju ti Èkó lọ, kí àlejò fà á símú dáadáa. Àlejò fà á. Ojú rẹ̀ yí. Ó tún fà á kó lè dá a lójú. Ìyẹn ló pa á lára jù. Eṣinṣin ti pé jọ bí èrò ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà.

“Ọ̀gbẹ́ni Adéjọbí, kí ló kú síbí?”

Vincent ní kò yé òun. Ó ní ó jọ pé àwọn ará Akotogbo tó múlé tì wá ló wá da ìdọ̀tí sí wa létí odò. Òun fúnra òun kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gẹ́.

Ìyá rẹ̀, Mama Salome, dìde láàrin èrò. Kò pariwo.

“Àlejò wa, ẹ má bínú. Èmi ni mo ni òkìtì tó ga jù yẹn. Òun ni mo fi tọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí. Láàárọ̀ yìí náà, pupuru ló jẹ, ó sì lá abọ́.”

Baálẹ̀ alára fi agbádá bo ẹnu. Ọ̀gbẹ́ni Lucas ní ilé tí ènìyàn kò ti lè mí, òun kì í kọ́ irú rẹ̀. Ó bọ́ sínú mọ́tò, kò dágbére. Àgbà ní ẹni tó bá gbé imú sókè jù, òun ni òórùn yóò kọ́kọ́ bá.

Vincent fẹ́ sáré tẹ̀ lé mọ́tò. Ìyá rẹ̀ di etí kóòtù mú.

“Ìwọ lo ní ká kó o jáde. Kó o padà.”

Ó bọ́ kóòtù. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ karí. Omi kíkan ń ro láti ibẹ̀ sí táì rẹ̀, gbogbo Ìjù-Odò sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó rò pé ó ti tán, ó fẹ́ nu ojú.

“Ẹ rọra sinmi o, Bọ̀ọ̀dá Vincent,” Mildred ní. “Tèmi ṣì wà nílẹ̀.”