Òpó Tí Kò Bá Wọn Jó ní Ìdí-Òkúta

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé òpó tó gbé ilé ró kì í bá wọn jó? Ẹ má mi orí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í mi orí, ẹ̀rín ló máa ń rín. Ó dára, ẹ sún mọ́ mi.

Ìlú kan tó ń jẹ́ Ìdí-Òkúta ló ti ṣẹlẹ̀. Orí àpáta ni gbogbo ìlú náà wà. Bí ẹ bá gbé ṣọ́bìrì láti gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ṣọ́bìrì ni yóò tẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ àtíbàbà fún ìnáwó, wọn kì í gbẹ́ ihò fún òpó. Wọ́n á gbé òpó dúró lórí àpáta, wọ́n á wá fi òkúta há a lẹ́sẹ̀ yíká. Ọmọ Ìdí-Òkúta kì í fọwọ́ kan òkúta tó wà lẹ́sẹ̀ òpó. Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ tiwa pé kó má tọwọ́ bọ iná ni wọ́n ṣe ń kọ́ tiwọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àwọn gende kan dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ló mú kásẹ́ẹ̀tì kan bọ̀ láti òkè òkun. Pọ́ńkì rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe orin inú rẹ̀. Orin náà kì í pẹ́, kì í sinmi, kì í sì í bẹ ẹnikẹ́ni. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ajá ń lé olórin, tí olórin náà sì ń bú ajá. Àwọn gende yìí gbọ́ ọ, wọ́n ní àwọn ti rí iṣẹ́ ṣe. Wọ́n sọ ara wọn ní Ẹgbẹ́ Etí-Á-Di.

Ṣíjúwadé ni olórí wọn, òun ló ń kọrin. Bó bá ń kọrin, á fò, á yí gbirigbiri nílẹ̀, á dìde, á tún bi ilẹ̀ pé kí lòun fi ṣe é. Múfútáù ló ń lu ìlù òyìnbó. Ará Ẹ̀pẹ́ ni, orí iyanrìn ni wọ́n ti bí i, iṣẹ́ ló gbé e wá sí Ìdí-Òkúta. Ó máa ń lu ìlù náà bíi pé ìlù ti bú ìyá rẹ̀.

Ẹnì kẹta ni Gbádégẹṣin tó ń ta gìtá. Iṣẹ́ agogo ọwọ́ ló ń ṣe, ó ń tún èyí tó bá kú ṣe. Bí àwọn yòókù bá ń fò, ojú kan ni yóò dúró sí bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló máa ń lọ sókè sódò, kò ní yára, kò sì ní falẹ̀. Kì í ta àrà. Ohun kan náà ni yóò máa tà títí orin yóò fi parí. Àwọn èèyàn kì í tilẹ̀ rí i. Lóde kan, obìnrin tó fẹ́ jó wá ibi tó máa gbé àpò rẹ̀ sí, ó wá fi kọ́ ọrùn gìtá Gbádégẹṣin. Gbádégẹṣin kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí orin parí, ó bọ́ àpò náà, ó ní, "Ẹ gba àpò yín, mà."

Ẹnì kan ṣoṣo ló rí i nínú gbogbo ìlú. Ládépò ni, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Òun náà ní gìtá, àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta péré ló mọ̀ láti fi tẹ okùn rẹ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń wá ẹgbẹ́ tó máa gbà á. Ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀nà mẹ́ta kò tó. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ní kó máa bá àwọn ru ẹ̀rọ. Gbogbo ìgbà tí Gbádégẹṣin bá ń ta gìtá ni Ládépò máa ń gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mosún, bi í lọ́jọ́ kan. "Bàbá Mosún, kí ni ọkùnrin yẹn ń ṣe gan-an?"

"Gìtá ló ń ta."

"Mo rí ìyẹn. Mo ní kí ló ń ṣe."

"Má wò ó. Di ojú rẹ. Gbọ́ bí gbogbo àwọn tó kù ṣe ń sá kiri. Ṣé o gbọ́ ohun kan tí kò sá?"

Ìyá Mosún di ojú. Ó tẹ́tí. "Mo gbọ́ ọ."

"Òun nìyẹn. Bí Ṣíjúwadé bá sọnù nínú orin, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń padà sí. Bí Múfútáù bá sáré kọjá ilé, ó máa dúró dè é. Ó lè ta ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti gbọ́ ọ nígbà tó rò pé kò sẹ́nì kankan nítòsí, ara mi bù máṣọ. Àmọ́ bí orin kò bá béèrè, kì í fún un."

Ìyá Mosún la ojú. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi, ẹ ò tíì sọ tó báyìí nípa ọbẹ̀ mi."

Ó wá ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe Ọjọ́ Ìlú. Ṣíjúwadé wọ ṣọ́ọ̀bù Ládépò, ó jókòó lé aṣọ oníbàárà.

"Télọ̀, ṣé o ṣì fẹ́ wà nínú ẹgbẹ́?"

Abẹ́rẹ́ gún Ládépò lọ́wọ́. "Ẹgbẹ́ wo?"

"Tiwa. Kábíyèsí máa wà níjòókòó lọ́jọ́ náà, mi ò lè gbé igi dúró níwájú ọba. Mo ti sọ fún Gbádé pé kó máa jó, ó ní òun ti gbọ́. Bí kò bá jó lọ́jọ́ náà, mo máa pè ọ́ lójú agbo, ipò rẹ̀ á sì di tìrẹ. Mú gìtá rẹ dání."

"Ọ̀nà mẹ́ta péré ni mo mọ̀."

"Ṣé o mọ ijó?"

"Díẹ̀."

"Ó ti tó."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo ọ̀ràn Ládépò. Ohun tó ti ń wá láti èwe wọlé tọ̀ ọ́ wá, àfi kó gun ẹ̀yìn ẹni tó fẹ́ràn jù kọjá kí ọwọ́ rẹ̀ tó bà á. Ó rò ó títí tó fi rán apá ṣòkòtò mọ́ ọrùn bùbá. Ó wá pinnu pé òun máa bẹ Gbádégẹṣin. Bí ọkùnrin náà bá lè jó díẹ̀, kódà kó kàn mi èjìká, kò sẹ́ni tó máa lé e.

Ọjọ́ Ìlú pé. Wọ́n kọ́ àtíbàbà ńlá síwájú ààfin, wọ́n fi tapólì àti imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè jókòó sí apá kan, ìkòkò àsáró gbogbo ìlú wà lẹ́yìn wọn. Ẹgbẹ́ Etí-Á-Di wà ní àárín, lẹ́bàá òpó ńlá tó gbé gbogbo òrùlé ró.

Múfútáù dán ìlù rẹ̀ wò. Ó fẹsẹ̀ ta ìlù tó tóbi jù, ìlù náà yọ̀ síwájú lórí àpáta. Ó fà á padà, ó tún ta á, ó tún yọ̀. Ó wá ohun tó máa fi dá a dúró. Ó wò yíká, ó rí òkúta kan tó dára lẹ́sẹ̀ òpó. Ó yọ ọ́. Apá ọ̀tún ìlù dúró. Apá òsì ṣì ń yọ̀. Ó padà lọ mú òkúta kejì.

Gbogbo ìlú ń wo Ṣíjúwadé tó ń na ẹsẹ̀ bí ẹṣin. Gbádégẹṣin nìkan ló rí i pé òpó mì. Ó rọra gbé ẹ̀yìn rẹ̀ tì í. Ó ní, "Múfútáù, òpó yìí ń wó bọ̀."

"Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin," ni Múfútáù wí, orin sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sì rántí irú orin tó jẹ́. Bí ìkíní ti parí, Gbádégẹṣin ya ẹnu. "Òpó yìí..."

"Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin."

Ó pa ẹnu dé, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ àpáta, ó ń ta gìtá lọ. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ orin kò yẹ̀.

Ìyá Mosún fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀. "Bàbá Mosún, ọkùnrin yẹn ń fi ẹ̀yìn ti òpó."

"Orin ló ń tì."

"Òpó ni mo rí."

"O ò tíì mọ orin gbọ́ ni."

Ṣíjúwadé ti ń ṣẹ́jú sí Ládépò. Ládépò yára yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbádégẹṣin. "Bọ̀dá Gbádé, ẹ dákun, ẹ jó díẹ̀. Wọ́n fẹ́ lé yín."

"Mi ò lè kúrò níbí."

Omijé lé sójú Ládépò. "Mo mọ̀, sà. Ibi tí orin bá fi yín sí lẹ máa ń wà."

"Télọ̀, òpó."

"Òpó ni yín lóòótọ́, sà."

"Télọ̀. Òkúta."

"Ẹ dúró bí òkúta, sà. Èmi wà lẹ́yìn yín."

Ó padà sí àyè rẹ̀, ó nu ojú. "Ìyá Mosún, ọlọ́gbọ́n ni ọkùnrin yẹn. Ọ̀rọ̀ méjì ló sọ, mi ò ní gbàgbé ẹ̀ láyé."

Bí orin kejì ti parí, Ṣíjúwadé gbé ọwọ́ sókè kí Múfútáù má tíì kà. "Télọ̀, gbé gìtá rẹ bọ̀."

Gbogbo ojú yí sí Ládépò. Ó dìde tòun ti gìtá rẹ̀. Ó wo ibi tí wọ́n ní kó wá dúró sí, ó wo ẹni tó wà níbẹ̀. Ó gbé gìtá náà lé Ìyá Mosún lẹ́sẹ̀.

"Mi ò gbà á," ló wí.

"O ò gba kí ni?"

"Ipò rẹ̀. Mo ti ń wá a láti èwe, mi ò purọ́. Àmọ́ ẹni yìí ló di gbogbo yín mú. Bí ẹ bá mú un kúrò níbẹ̀, kò sí ohun tó máa dúró."

Ṣíjúwadé rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ ká wò ó."

Ó ní kí Múfútáù kà. Orin bẹ̀rẹ̀. Ó di okùn gìtá tó wà lọ́rùn Gbádégẹṣin mú, ó fà á. "Jó, jàre."

Gbádégẹṣin gbé ẹsẹ̀ kan kúrò.

Orin ló kọ́kọ́ wó. Gìtá dákẹ́, Múfútáù wá orin títí, kò rí i, ó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ṣíjúwadé ń kọ orin kẹta pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìkíní. Lẹ́yìn náà ni òpó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó tẹ̀ sí ọ̀tún, ó tẹ̀ sí òsì, ó rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọmọge. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni.

Nígbà náà ni òrùlé tẹ̀ lé òpó. Tapólì bo kábíyèsí, ó bo àwọn ìjòyè, imọ̀ ọ̀pẹ sì bo tapólì. Fìlà Ìjòyè Ọ̀tún fò bọ́ sínú àsáró, Ọ̀tún na ọwọ́ nínú òkùnkùn láti mú un, ó fi àsáró dé orí. Ewúrẹ́ kan tó ti ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wọlé wá jẹun. Ìlù ńlá yẹ̀ kúrò lẹ́yìn òkúta rẹ̀, ó ń yí lọ sísàlẹ̀ àpáta, ó ń dún gbì, gbì, gbì, Múfútáù sì ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń bẹ gbogbo ẹni tó bá pàdé pé kí wọ́n bá òun dá a dúró. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Orí nìkan lẹ ń rí tí wọ́n ń rìn kiri lábẹ́ tapólì bí ewúrẹ́ inú àpò.

Gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́. Ohùn kábíyèsí jáde lábẹ́ tapólì.

"Ta ló ní kí òpó máa jó?"



Ohùn Ọ̀tún jáde láti ibòmíràn, àsáró wà lẹ́nu rẹ̀. "Ṣíjúwadé ni, kábíyèsí."

"Ṣé bàbá rẹ̀ kò sọ fún un pé òpó tó gbé ilé ró kì í bá wọn jó ni?"

Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn jáde lábẹ́ tapólì, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n hú gbogbo èèyàn jáde tán, Ṣíjúwadé dọ̀bálẹ̀ fún kábíyèsí, ó sì yí padà dọ̀bálẹ̀ fún Gbádégẹṣin. Kábíyèsí ní àwọn ò tíì gbọ́ orin tán, kí wọ́n máa ṣe é nínú oòrùn.

Gbádégẹṣin ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn. Ó wo Ládépò. "Télọ̀, mo sọ fún ẹ pé òpó, mo sọ pé òkúta."

"Mo gbọ́ yín, sà. Mo rò pé ọgbọ́n ni."

"Òpó ni."

"Mo ti wá rí i, sà."

"Gbé gìtá rẹ wá."

Ládépò wolẹ̀. "Bọ̀dá Gbádé, ọ̀nà mẹ́ta péré ni mo mọ̀."

"Èwo àtèwo?"

Ládépò tẹ̀ wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbádégẹṣin wò wọ́n bí ẹni tó ń wo inú agogo.

"Òun náà ni mo ń tà," ló wí. "Má fi nǹkan kan kún un."

Bẹ́ẹ̀ ni Ládépò ṣe wọ ẹgbẹ́ láìgba ipò ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú oòrùn, ọwọ́ nìkan ló ń lọ sókè sódò. Ìlú jó títí bàtà fi já. Bí orin ti parí, Ṣíjúwadé mí hẹlẹ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òpó ti wó o. Kí ló tún dè yín mọ́lẹ̀?"

Gbádégẹṣin rò ó díẹ̀.

"Èmi ò mọ ijó jó rí," ló wí.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá dé òde tí gbogbo èèyàn ń fò, tí ẹnì kan sì dúró sójú kan tó dákẹ́, kí ẹ tó fà á lápá, ẹ kọ́kọ́ gbé ojú sókè wo òrùlé. Ẹ bi Ọ̀tún Ìdí-Òkúta léèrè, ẹni tó fi àsáró dé orí níṣojú gbogbo ìlú: òpó tó gbé ilé ró kì í bá wọn jó.