Ògiri Tó Ń Làágùn ní Mákùn-Omi

Gbùà!

Adéníran da garawa omi kejìlá lu ògiri, ó nu ojú, ó sì jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni o. Bíríkìlà láti Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ògiri tó sì ń wẹ̀ fún bí ọmọ tuntun yìí, ti ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta àtijọ́ kan ni, tí ìjọ Aládùúrà kan ń lò létí ọ̀sà ní Mákùn-Omi.

Orí rẹ̀ kò dàrú. Iṣẹ́ ló fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri náà tẹ́lẹ̀ ti wú, ó sì ti ń já wálẹ̀ ní ègé-ègé. Ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyètọ́lá láti yunifásítì bá ní kí wọ́n padà sí bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é: kí wọ́n sun ìkarahun títí yóò fi di ẹfun, kí wọ́n bu omi sí i kó hó kutukutu, kí wọ́n sì fi rẹ́ òkúta náà. Adéníran mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹfun kì í yá bíi sìmẹ́ńtì, díẹ̀díẹ̀ ló ń le. Bí oòrùn bá tètè gbẹ ẹ́, yóò sán wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi fi àpò kókó bo gbogbo ògiri, tó sì ń fi omi rin wọ́n ní ìdájí ojoojúmọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kìlọ̀ fún un.

"Bíríkìlà, ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń bọ̀. Bí ògiri kan yìí bá dúró, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì di tìrẹ. Bó bá sán, mo gbé e fún ẹlòmíràn."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì! Adéníran kò tíì jẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé yìí, ó da omi tán, ó gba ìdí ẹlẹ́kọ lọ. Kò tíì jìnnà tí Ìyá Zipporah, àgbà obìnrin tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, fi dé.

Ó rí omi tó ń kán. Tó. Tó. Tó.

Ó wòkè. Òjò kò rọ̀.

Ó fọwọ́ gbe díẹ̀, ó fi pa iwájú orí. Omi ẹfun kúkú ni, ó ta á lára yẹ́ríyẹ́rí!

"Yéè! Agbára ń ta mí! Ẹ gbà mí o, ògiri ń làágùn!"

Kí Adéníran tó jẹ ẹ̀kọ kejì tán, ìlú ti gbọ́. Ìgbà tó padà dé, ogún èèyàn nínú sùtánà funfun ló bá, tí wọ́n ń fún àpò kókó rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un! Ògiri yóò gbẹ!"

"Kò lè gbẹ," ni Ìyá Zipporah wí. "Orísun ni."

"Ìyá mi, èmi ni mo da omi sí i!"

"Ọmọ mi, má bá Ọlọ́run du ògo."

Adéníran ní kí wọ́n wá wo òun ní ìdájí. Gbogbo wọn kọ̀. Ta ló fẹ́ lọ ká áńgẹ́lì mọ́ ibi iṣẹ́?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó pọn garawa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n fún un gbẹ. Lọ́jọ́rú, ogún garawa. Wọ́n fún un gbẹ, wọ́n tún jẹ́rìí pé omi ti pọ̀ ju ti àná lọ!

Ẹ̀rín ń pa mí! Bí bíríkìlà ṣe ń pọn ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìyanu ń tóbi sí i.

Lọ́jọ́bọ̀, ọkọ̀ ojú omi ń já èrò sílẹ̀ wìtìwìtì. Wọ́n kó àpò kókó pàápàá lọ sílé. Adéníran sáré gbé aṣọ ìbora rẹ̀ kọ́ ògiri. Kò tó. Ó fi agbádá rẹ̀ kún un. Kò tó. Ó bọ́ ṣòkòtò ìdí rẹ̀, ó rì í sómi, ó fi dí ibi tó kù, ó wá ku òun àti péńpé.

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí bàbá arúgbó kan tó ń fún ṣòkòtò náà sínú kẹ́tùlù.

"Bàbá, ṣòkòtò mi nìyẹn!"

"Mo mọ̀," ni bàbá fèsì. "Ibi ìjókòó rẹ̀ ló mú omi jù."

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Adéníran ti pọn ọgbọ̀n garawa, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ kọdọrọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyètọ́lá dé, ó bá èrò tó tò láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé etí omi. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀.

Adéníran gun àkàbà pẹ̀lú péńpé rẹ̀, ó fi igbe ta.

"Ọ̀gá, èmi ni! Èmi ni mò ń pọn omi yìí láràárọ̀!"

"Ẹlẹ́rìí rẹ dà?" ni Ìyá Zipporah bi í.

Adéníran wo èrò lọ, ó wò ó bọ̀. Ta ló rí láàárín ìlà? Ìyàwó rẹ̀! Ìyá Moyọ̀, láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì dání!

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àkàbà. "Ìyá Moyọ̀! Ọlọ́run ló rán ẹ! Ó ti tó ọdún mélòó tá a ti jọ ń gbé? Sọ fún wọn bóyá mo lè pọn omi yìí!"

Ìyá Moyọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó lé kẹ́ẹ̀gì.

"Bàbá Moyọ̀? Pọn omi? Ọdún mọ́kànlá rèé nínú ilé mi, ife omi tó máa mu gan-an, èmi ni mò ń bu ú! Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ ìyanu ni, ẹ jẹ́ kí ìlà máa lọ jàre!"

"Halelúyà!" gbogbo èrò dáhùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ kan ògiri. Ó tutù nini, kò sán níbi kankan. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Adéníran lórí àkàbà.

"Bíríkìlà, o ṣeun, máa lọ sílé. Ògiri tó ń fún ara rẹ̀ lómi, kí la tún fẹ́ fi ọ́ ṣe?"