Yékínì Àlàbí Tí Mo Ní Kò Sí

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọjọ́ tí mo kọ káàdì ọsibítù fún Bàbá Ṣìfáwù kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Kí n tó dé ọsibítù tí mo ti ń kọ káàdì ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ òfì fún àwọn tó wà lókè òkun. Èmi ni mò ń dáhùn ímeèlì. Bàbá Ṣìfáwù wà lára àwọn tó ń hun aṣọ fún wa. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi pè wọ́n bẹ́ẹ̀ bíi ti gbogbo àwọn tó kù, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ wọ́n sínú fóònù. Ṣìfáwù ni àkọ́bí wọn. Ta ló ń bi àgbàlagbà léèrè orúkọ wọn ná? Wọ́n tún ní ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ gbé lọ sí Àbíjàn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì. Wọn ò rí i mọ́ látìgbà náà. Nígbà míì wọ́n á kàn dá iṣẹ́ dúró, wọ́n á ní, "Á ti di ọkùnrin báyìí."

Ọ̀sẹ̀ tí mo máa fiṣẹ́ sílẹ̀ ni ímeèlì kan wọlé. Ọkùnrin kan rí àwòrán aṣọ wa, ó ní òun ń wá bàbá òun, ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, Yékínì Àlàbí. Kò sọ ibi tí òun wà. Mo yọjú síta, mo bi àwọn ahunṣọ tí mo bá níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ Yékínì kankan. Bàbá Ṣìfáwù lọ síbi ìsìnkú kan ní Òkakà lọ́jọ́ náà. Èmi ọlọ́gbọ́n ayé bá fèsì pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, mo pa gbogbo ohun tó wà nínú ímeèlì náà rẹ́, kí ẹni tó máa gba ipò mi má baà jẹ nínú làálàá mi. Ìwà burúkú ni, mo mọ̀.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, Ṣìfáwù, tó ń gbé ní Ṣakí, gbé bàbá rẹ̀ wá sí ọsibítù wa. Wọn ò lè dìde mọ́. Mo mú káàdì, mo bi Ṣìfáwù pé orúkọ wo ni kí n kọ.

"Yékínì," ló wí. "Yékínì Àlàbí."

Báírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá lajú, wọ́n ní ṣé kò rẹ̀ mí. Mi ò lè sọ ohun tí mo ṣe. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró dè mí di ọ̀la.

Mo gbìyànjú láti wọ ímeèlì àtijọ́. Wọ́n ti yí páswọ́ọ̀dù padà. Mo tẹ orúkọ mi, mo tẹ orúkọ ìyá mi, mo tẹ orúkọ àfẹ́sọ́nà tó já mi jù sílẹ̀, títí ó fi tì mí síta pátápátá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ọ̀gá mi àtijọ́ wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní ṣé ohun tí mo fọwọ́ ara mi pa rẹ́ ni mo tún wá gbà. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ pé wọn ò gba ímeèlì gbọ́ àfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ìwé yẹn náà ló gbà mí. Wọ́n ní kí n lọ wo inú yàrá ẹrù, àwọn ìwé náà ni wọ́n fi ń di aṣọ. Mo ń tú ìdì aṣọ, ọmọbìnrin tó gba ipò mi ń tẹ̀ lé mi, ó ń dì í padà, ó ń pòṣé. Ara ìdì sányán kan ni mo ti rí ímeèlì náà. Èsì mi wà lábẹ́ rẹ̀, ti ọkùnrin náà sì tẹ̀ lé e: "Ẹ ṣeun. Ó tó kí n jáwọ́." Nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo pè é láti gáréèjì. Àbíjàn ló wà. Mo ní bàbá rẹ̀ wà láàyè, kó pè mí láago mẹ́rin, màá gbé fóònù sí wọn létí. Ó bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún, awakọ̀ ní tí mo bá ti sunkún tán kí n wọlé.

Nígbà tí mo dé Ṣakí, wọ́n ti ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì náà. Ṣìfáwù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ìrun Àílà ọ̀sán ni Bàbá dákẹ́.

Láago mẹ́rin, fóònù dún. Mo ti sọ fún ọkùnrin yìí lẹ́ẹ̀kan pé kò sí Yékínì Àlàbí, nígbà tí Yékínì Àlàbí wà. Mo tún wá máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Mi ò pa ìwé ẹnikẹ́ni rẹ́ mọ́ o, mi ò sì ń kọ ènìyàn sínú fóònù láìbéèrè orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Ìyá Tàjù tá a jọ ń gbé bi mí lọ́jọ́sí bóyá mo ti di ọlọ́pàá. Rábíátù ni wọ́n ń jẹ́. Ọkùnrin Àbíjàn yẹn, "Ọmọ Yékínì Àlàbí" ni mo kọ ọ́ sínú fóònù. Nígbà tó bá pè, màá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí ojú ń tì, kí n tó gbé e.