Kànrìnkàn Ẹnu Akíntúndé

Ẹjọ́ dé ààfin lánàá, kànrìnkàn ṣì há sẹ́nu olùjẹ́jọ́. Ẹni méjì ń fà á. Kò jáde.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Olóyè Adépọ̀jù wí. "Kí olùpẹ̀jọ́ sọ tirẹ̀."

Màmá Fẹ̀yìntọlá dìde. Oǹdó ló ti wá. Ọmọ rẹ̀ ni Akíntúndé, káfíńtà Ìsíkàn, fi ṣaya.

"Olóyè, mo wá kí wọn nílé. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ọkọ ọmọ mi ò kí mi láàárọ̀. Mo ní bóyá kò rí mi ni. Mo wúkọ́. Ó wò mí, ó ń mi orí bí aláǹgbá. Mo fẹ́ mú ọmọ mi padà sí Oǹdó."

"Kò kí ìyá ìyàwó!" Àwọn ìgbìmọ̀ pariwo.

Akíntúndé fẹ́ fèsì, kànrìnkàn yọ lẹ́nu rẹ̀, pọ̀ọ́! Ó bà lé fìlà ọ̀kan nínú wọn.

"Olóyè, mo kí wọn nínú ọkàn mi," ni Akíntúndé wí.

"Kí lo kì sẹ́nu?"

"Búrọ́ọ̀ṣì tuntun ni, sà. Èmi ni mo ṣe é. Tọjà ń gún mi lérìgì, orín sì ń gba ọwọ́. Mo bá gé kànrìnkàn, mo rán an bí eyín ṣe tò. Èèyàn á deyín mọ́ ọn, á máa mi orí. Eyín ń mọ́, ọwọ́ ń kan ìṣó lọ."

"Ìgbà wo ni eyín ń mọ́ tán?"

"Tó bá di ọ̀sán, sà."

"Kí ló dé tí o ò yọ ọ́, kí o kí ìyá ìyàwó rẹ?"

"Háà, Olóyè! Kí n fi ẹnu tí mi ò tíì fọ̀ tán kí àgbà? Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ìgbìmọ̀ kan sáárá sí i. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà.

"Mo sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn gbalaja."

"Irọ́!" ni Màmá wí. "Ó ṣubú ni!"

Wọ́n pe Rufus, ará ilé kejì.

"Ó dọ̀bálẹ̀, Olóyè. Ojú mi báyìí ló ṣe."

"Níbo lo wà?"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì mi, sà. Mo gbọ́ gbì! Ìdọ̀bálẹ̀ gidi ló ń dún bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tó ṣubú náà ń dún gbì," ni Màmá wí.

"Ẹni tó bá ṣubú á ké yéè. Mi ò gbọ́ yéè."

"Ẹnu wo ló fẹ́ fi ké e? Ṣebí kànrìnkàn wà níbẹ̀!"

Ó kan Motúnráyọ̀, ìyàwó.

"Olóyè, òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Orí tó ń mì ló gbé e ṣubú. Nígbà tó délẹ̀, ó ní kí òun kúkú dọ̀bálẹ̀."

"Ṣé o fẹ́ bá ìyá rẹ lọ?"

"Rárá o. Látìgbà tó ti ń lo nǹkan yìí, kò bá mi jà láàárọ̀ mọ́."

Olóyè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu ojú. Ó dá ẹjọ́.

"Akíntúndé jàre. A kì í fi ẹnu àìfọ̀ kí àgbà. Màmá jàre. Wọ́n gbọ́dọ̀ kí i láàárọ̀. Ìyàwó ò lọ sí Oǹdó. Màmá náà ò lọ. Ilé Akíntúndé ni yóò máa gbé, títí Akíntúndé yóò fi ṣe búrọ́ọ̀ṣì tó ń fọ ẹnu tán kí Màmá tó jí."

Akíntúndé di orí mú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó lẹ máa ń jí?"

"Èmi? Èmi kì í sùn."

Màmá kó ẹrù tó ti dì fún Oǹdó padà wọlé ní ìrọ̀lẹ́ àná. Yàrá méjì ni ilé náà. Màmá gba ọ̀kan, ó ku ọ̀kan.