Olú Tí Òṣùmàrè Àgbáyé Jẹ

Bí ìgbéraga bá jẹ́ iṣu, oko Dàda ará ìlú Tápà nìkan ì bá bọ́ gbogbo Ìbàràpá yó, ìyókù ì bá sì di èlùbọ́. Akọrin ni, àbí ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ń kọrin. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Òṣùmàrè Àgbáyé, Kìnnìún Orí Ìtàgé, A-wọ-awò-dúdú-nínú-òjò. Tí ẹ bá pè é ní Dàda lásán, kò ní í dáhùn, àfi tí oúnjẹ bá wà níbẹ̀.

Ó gbọ́ pé Malachi, ọkùnrin tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde n'Ìbàdàn, ń bọ̀ ní Igbó-Ọrà lọ́jọ́ Sátidé láti wá mú akọrin kan ṣoṣo. Oorun dá lójú Òṣùmàrè. Ó sì ti kà á lórí fóònù pé àwọn olórin òyìnbó ayé ijọ́un a máa jẹ olú kan tó ń múni rí ìran: ohùn gìtá á di àwọ̀ lójú wọn, ògiri á máa mí, wọn á wá kó ìran náà sínú orin, sára aṣọ, sára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù, títí gbogbo ayé fi ń ṣe bíi tiwọn.

"Olú!" Dàda pariwo. "Olú tó kún Tápà bí ilẹ̀ bí ẹní!"

Ó di ọ̀dọ̀ Màmá Ọmọ́tárá, tó ń ta olú lẹ́bàá títì Igangan.

"Ẹ kú ọjà, mà. Olú tó ń ṣí ojú ni mo fẹ́."

"Yọ awò yẹn ná, ojú ẹ á ṣí."

"Èyí tó ń múni rí ohun tí ẹlòmíì ò rí ni mo ní!"

"Orí ọ̀gán ni mo ti ká gbogbo eléyìí. Inú ọbẹ̀ nìkan lo ti máa rí i."

Dàda ṣẹ́jú sí i. Lójú tirẹ̀, àṣírí ni ìyá náà ń bò. Ó ra odidi agbọ̀n, ó sè é, ó jẹ ẹ́ tán láàárọ̀ Sátidé, kò fi kan ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Pápá ilé ìwé kún ní Igbó-Ọrà. Òṣùmàrè gun pèpéle, ikùn rẹ̀ ń kùn ju máíìkì lọ. Ó wo ìlà iwájú. Obìnrin kan jókòó níbẹ̀ ní méjì: ojú kan náà, gèlè kan náà. Lẹ́yìn wọn, bàbá arúgbó kan wà ní méjì, wọ́n jọ ń họ imú.

"Ó ti dé! Ọ̀gá Malachi, ẹ tan kámẹ́rà! Olú ti gbà mí! Mo ń rí ènìyàn kan ní méjì-méjì!"

Èrò ń wo ara wọn. Ẹni tí wọ́n bí sí Tápà, tí kò ju ìrìn ọ̀kadà lọ sí Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì!

Ràhmọ̀t, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin iwájú, dìde. "Ta ni kò rí wọn ní méjì-méjì ní Igbó-Ọrà? Ìkejì mi nìyí. Ṣé olú náà ni ìyá wa jẹ tó fi bí wa?"

Màmá Ọmọ́tárá náà wà níbẹ̀, òun àti Lèmọ́mù àdúgbò rẹ̀. "Olú tí mo tà fún un, òun náà ni ìyàwó Lèmọ́mù fi se ọbẹ̀ lánàá. Lèmọ́mù, ẹ rí ìran kankan?"

"Ẹran ni mo wá títí, mi ò rí i."

Ẹ̀rín gba pápá. Dàda rọ̀ mọ́ máíìkì. "Ọ̀gá Malachi, ẹ dákun, ẹ fún mi láàyè kan sí i! Ojú mi ti wálẹ̀!"

Malachi ti pe akọrin tó kàn. Aliyyah àti ìkejì rẹ̀ ń gun pèpéle bọ̀ nínú aṣọ kan náà.

"Ó dáa," ni Malachi wí fún Dàda. "Ènìyàn mélòó ló ń bọ̀ yẹn?"

Dàda wò wọ́n. Ó wo èrò. Wọn ò ní í fi òun rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan!

"Ẹyọ kan ṣoṣo ni, sà," ló dáhùn, ketekete, lórí máíìkì.

Ẹyọ kan ṣoṣo náà na ọwọ́ mẹ́rin, wọ́n jọ gba máíìkì lọ́wọ́ rẹ̀.