Ọdún Méjìlá ní Mìláànù

Bí Alàájì Mákánjúọlá bá wúkọ́, á ní wọn kì í wúkọ́ báyìí ní Ítálì. Baba Mìláànù! Àrẹ̀mọ Róòmù! Ọdún méjìlá ló ní òun lò níbẹ̀, gbogbo wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, sì ti gbọ́ ọ ju orúkọ ọmọ wọn lọ.

Ipò olórí kíláàsì Yorùbá ló ń wá báyìí, èyí tí àwọn ọmọ wa ń ṣe ní Sátidé ní mọ́sáláṣí ẹ̀gbẹ́ Old Kent Road. Aunty Sherifat ló ti wà ní ipò náà láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n ń pe bọ́ọ̀sì ní bọ́ọ̀sì.

"Ẹ yọ wọ́n!" Alàájì pariwo ní ìpàdé òbí tí a fẹ́ fi dìbò. "Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì jẹ Yorùbá, inú á run ọmọ-ọmọ rẹ̀! Ará Ítálì kì í fi Gẹ̀ẹ́sì kan ẹnu."

"Kí wá ni kí n máa pè é, Alàájì?" Aunty Sherifat béèrè.

"Ọkọ̀ elérò-púpọ̀ olókè-méjì pupa."

"Kí ọmọ tó pè é tán, ó ti lọ."

A rẹ́rìn-ín. Inú bí Alàájì. Ó mú ẹlẹ́rìí wọlé: Paola, ọmọ Ítálì tó ń ta kọfí ní East Dulwich. Ó ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ ju èdè ìlú rẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò túmọ̀. Ta ló máa já a nírọ́?

"Ẹ gbọ́ èdè tí kò lábùlà!"

Paola bẹ̀rẹ̀. Èdè náà dùn. Ṣùgbọ́n a gbọ́ "kọ̀ǹpútà". A gbọ́ "mítìnnì". Ó di "sítírẹ́ẹ̀sì", ìyá àgbà kan mí kanlẹ̀: "Òun náà ló ń bá mi fínra."

"Kí ló wí?" Alága wa, Alàájì Làtíìfù, béèrè.

"Ó ń… ó ń yin ìlú rẹ̀."

Aunty Sherifat dìde jẹ́jẹ́. Wọ́n nàka sí Baba Mìláànù. "Alàájì? Mìláànù?" Wọ́n wá tẹ́wọ́ bí ẹni ń béèrè pé, báwo ló ṣe pẹ́ tó níbẹ̀?

Ojú Paola tàn. Ilé ìyá rẹ̀ ni Alàájì wọ̀ sí níbẹ̀. Ó na ìka kan ṣoṣo sókè.

"Wíkẹ́ńdì!"

Alàájì la ẹnu láti túmọ̀.

"Ẹ jókòó, sà," Alága wí. "Èyí yé wa."

Kò jókòó. Ẹ̀rín wa lé e dé ibùdókọ̀. A ò tún dìbò. Aunty Sherifat ti ń pín ìwé fáwọn ọmọ. Tinúọlá, ọ̀kan nínú wọn, yọjú lójú fèrèsé.

"Alàájì, ẹ sáré! Ọkọ̀ elérò-púpọ̀ olókè-méjì…"

Kó tó pè é tán, bọ́ọ̀sì ti lọ.