Bísíkíìtì Bíríkìlà

Láti ọjọ́ tí dókítà ti rí ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó Bíríkìlà ni obìnrin náà kò ti fi bísíkíìtì kan ẹnu mọ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ṣí agolo bísíkíìtì, á wo inú rẹ̀ tó ṣófo, á sì dé e padà. Ọ̀rọ̀ náà ń dun ọkọ rẹ̀ wọ akínyẹmí ara. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tètè kúrò níbi iṣẹ́, ó wọ ilé ìdáná, ó fẹ́ yan bísíkíìtì tí aya rẹ̀ lè jẹ kó tó dé ní agogo mẹ́rin. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìyá ìyàwó rẹ̀ wà nílé, ẹni tó ti ń yan bísíkíìtì kí wọ́n tó bí Bíríkìlà.

"Ọkọ ọmọ mi, ṣúgà ńkọ́?"

"Kò sí, Màmá."

"Bọ́tà?"

"Ẹ̀pà lílọ̀ ni mo fi rọ́pò rẹ̀."

"Ó dáa. Fúláwà ńkọ́?"

"Óòtì ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa àti dábínù ló máa mú un dùn."

"Kò sí ṣúgà, kò sí bọ́tà, kò sí fúláwà. Ófùnù gbígbóná nìkan lo ní."

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Màmá. Ẹni tó lè po símẹ́ǹtì, kí ni kò lè pò?"

Bíríkìlà da óòtì sórí tábìlì, ó kó o jọ bí òkìtì, ó gbẹ́ ihò sí i láàárín, ó fọ́ ẹyin méjì sínú ihò náà. Ẹyin dá ẹ̀gbẹ́ òkìtì lu, ó gba orí tábìlì lọ, ó ń kán sílẹ̀.

"Abọ́ wà níbẹ̀ yẹn," ni ìyá náà wí.

"Iṣẹ́ ńlá kì í gba inú abọ́."

"Bísíkíìtì méjìlá ni iṣẹ́ ńlá?"

Ó da ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti dábínù lé e lórí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì po gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó gé e ní igun mẹ́rin mẹ́rin, ó sì tò ó sínú páànù.

"Kí ló dé tí ìlà kejì fi yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?"

"Oríkèé wọn ò gbọdọ̀ ṣe déédéé ara wọn, ògiri á sán."

"Ògiri wo?"

"Bísíkíìtì ni mo ní, Màmá."

"Ògiri lo wí."

"Ẹ má bínú, ẹnu iṣẹ́ ni."

Nígbà tó yá, òórùn dídùn gba ilé kan. Bíríkìlà gbé páànù jáde nínú ófùnù, ó mú ẹyọ kan, ó fi kan etí tábìlì, ó sì tẹ́tí.

"Kò dún. Kò tíì gan. Ó gbọ́dọ̀ padà sínú iná."

"Ṣé ọmọ mi fẹ́ jẹ ẹ́ ni, àbí ó fẹ́ kọ́lé lé e lórí? Gbé e sílẹ̀ kí n tọ́ ọ wò."

Bí ìyá bá sọ pé kò dáa, ọmọ ò ní fọwọ́ kàn án. Bíríkìlà kò lè wo ẹnu ìyá náà, ló bá kọ̀yìn sí i, ó mú kànìnkànìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ tábìlì.

"Kò dùn."

"Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, Màmá."

"Èyí náà ò dùn."

"Ẹ rọra jẹ ẹ́. Dábínù kì í tètè yọjú."

Ó fọ tábìlì tán, ó kúnlẹ̀, ó ń nu ẹyin tó kán sílẹ̀.

"Etí èyí jóná."

"Ẹ yọ ibi tó jóná, ẹ jẹ ìyókù."

"Mo ti jẹ ẹ́. Ẹ̀pà pọ̀ jù nínú èyí."

"Ẹ̀pà ló ń fún un lágbára."

"Ti inú èyí ni kò wá tó."

Bíríkìlà dáwọ́ dúró. Báwo ni ẹ̀pà ṣe lè pọ̀ jù, kó má sì tó, nínú bísíkíìtì kan ṣoṣo? Ó yíjú padà. Nínú méjìlá, ọ̀kan ló kù.

"Màmá, ṣebí ẹ ní kò dùn."

"Kò dùn. Mo ń wá èyí tó dùn nínú wọn ni."

Ẹsẹ̀ aya rẹ̀ dún lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń béèrè láti ìta pé kí ló ń ta sánsán báyìí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Bíríkìlà ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

"Ó ti dé, Màmá. Kí ni kí n wá gbé fún un?"

Ìyá mú ẹyọ kan tó kù, ó dá a sí méjì, ó ju ìlàjì sẹ́nu, ó fi ìlàjì kejì lé e lọ́wọ́.

"Gbé e fún un. Ṣebí dókítà ní díẹ̀díẹ̀ ni kó máa jẹ."